OWÓ NÍNÚ ÌDÍLÉ KRISTẸNI: Ọkọ̀ Wo Ni Kí A Rà?



Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan ní Ọ̀kà, tọkọtaya kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Owó tí wọ́n ń dá nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti pé. Bàbá fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ra ọkọ̀ ńlá, kí ó sì yá owó kún un. Ìyá ní, “Dádì wọn, owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ńkọ́?” Ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ di ìjà nínú ilé.

Mo rán wọn létí Lúùkù 14:28. Olúwa wa kọ́ wa pé kí ènìyàn jókòó ṣírò owó kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ̀yin àgbà yóò rántí ọkọ̀ ìjàpá. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Èkó, Peugeot náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Kì í ṣe ẹwà ni àwọn olùkọ́ wa rí lára ìjàpá. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kò ní rédíétọ̀ tí yóò jò lójú ọ̀nà, kò sì sí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ọkọ̀ tí a lè tún ṣe nítòsí ni ọkọ̀ tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù Kẹfà, ọkọ̀ tíà rọ́bà ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Tuntun ni o, tòkunbọ̀ ni o, ẹ kíyè sí nǹkan mẹ́rin yìí:

1. Ẹ ṣírò epo. Bí ẹ bá ń rin kìlómítà 30 lójúmọ́ fún ọjọ́ 24, kìlómítà 720 nìyẹn lóṣù. Ọkọ̀ kékeré tó ń fi lítà kan rin kìlómítà 12 yóò mu lítà 60. Ọkọ̀ ńlá tó ń rin 8 yóò mu 90. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta epo sọ ọ́ di owó, kí ẹ wo owó oṣù yín.

2. Ẹ má ná owó tán sórí ọkọ̀. Ẹ pín in sí mẹ́rin: ẹ fi mẹ́ta rà á, kí ẹ fi ìkẹrin ṣe ìwé ọkọ̀, táyà àti àtúnṣe àkọ́kọ́.

3. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì yín ní Ìkàrẹ́ pé, “Èwo lẹ mọ̀ ọ́n tún ṣe, tí ẹ̀yà rẹ̀ kò wọ́n?” Ìdí tí Corolla fi pọ̀ níbi gbogbo nìyẹn, tí àwọn onítakisí Ìbàdàn sì fẹ́ràn Micra.

4. Ẹ lọ ní òwúrọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Bí èéfín rẹ̀ bá rí bí aró, ó ń jó ọ́ìlì. Ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà ara ọkọ̀ bá ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu. Lẹ́yìn náà, kí ìdílé wọlé, kí ẹ fi gun Òkè-Ọ̀kà, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti mọ bíréèkì rẹ̀. A kò gbàgbé Akùngbá ní oṣù Kìn-ín-ní 2021, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan tí awakọ̀ kò lè dá dúró mọ́ gba ẹ̀mí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Adékúnlé Ajásin. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n ẹ yẹ bíréèkì wò pẹ̀lú.

Ará, ọkọ̀ ńlá kì í ṣe ẹ̀rí ìbùkún bí olówó èlé bá ń kan ilẹ̀kùn yín. Òwe 22:7 kìlọ̀ pé ajigbèsè a máa di ẹrú ẹni tó yá a lówó.

Tọkọtaya yẹn ti san owó ilé ẹ̀kọ́. Ọkọ̀ kékeré ni wọ́n ń wá báyìí, àwọn méjèèjì ló sì jọ ń wá a.

Àdúrà: Olúwa, fún wa ní ọgbọ́n láti ná ohun tí O fi lé wa lọ́wọ́. Máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Àmín.