Kí Ni Òun Mọ̀? Èsì Fún Àwọn Tó Ń Fi Oyè Ọ̀mọ̀wé Ìṣàkóso Yunifásítì Ṣe Yẹ̀yẹ́

Ẹni tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú kẹ́mísírì mọ kẹ́mísírì. Ẹni tó gbà á nínú ìtàn mọ ìtàn. Ẹni tó wá gbà á nínú ìṣàkóso yunifásítì, kí ni òun mọ̀? Ìbéèrè yìí kò ṣàjèjì láàárín àwa Yorùbá tó wà ní New York, àwọn tó sì ń bi í kì í retí èsì. Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni pé fọ́ọ̀mù ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń tò jọ, kọ́kọ́rọ́ ọ̀fíìsì ló ń pín, ó kàn fẹ́ kí alága ìjókòó máa pe òun ní Dókítà lóde ìnáwó ni. Ìgbàgbọ́ tó wà nídìí yẹ̀yẹ́ náà ni pé bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá ti mọ iṣẹ́ tirẹ̀ dunjú, ìṣàkóso á máa tẹ̀ lé e bí òjìji, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní láti jókòó kọ́ nínú rẹ̀. Irọ́ ni, ẹ̀rí tó sì já a kò jìnnà sí wa. Ìlú tí à ń gbé yìí gan-an ló ti wá.

Ní ọdún 2007, City University of New York, ìyẹn CUNY, yunifásítì ìjọba tí ẹ̀ka rẹ̀ kárí ìlú yìí, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n sọ ní ASAP ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì rẹ̀. Àìsàn tí wọ́n fẹ́ wò ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ń wọlé ní rẹpẹtẹ, àwọn tó ń gba ìwé-ẹ̀rí jáde kò sì tó nǹkan. Ọ̀rọ̀ tó máa ń yá lẹ́nu nípa irú èyí ni pé olódo ni àwọn ọmọ náà, tàbí pé àwọn olùkọ́ wọn ò ṣiṣẹ́. ASAP wo ibòmíràn. Nínú ètò tó wà nílẹ̀, olùdámọ̀ràn kan ṣoṣo lè máa bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ 600 sí 1,500. ASAP sọ ọ́ di 60 sí 80. Wọ́n san ìyókù owó ilé-ìwé tí ìrànwọ́ ìjọba kò ká, wọ́n ṣèrànwọ́ lórí ìwé kíkà, wọ́n fi olùkọ́ àfikún sí i, wọ́n sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní MetroCard lóṣooṣù, bó bá ṣáà ti ń ka iye kóòsì tó pé ní sáà kọ̀ọ̀kan tó sì ń yọjú sí olùdámọ̀ràn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, káàdì ọkọ̀ ojú irin! Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí MDRC, tí ibùjókòó rẹ̀ wà níbí, kó akẹ́kọ̀ọ́ 896 jọ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì CUNY mẹ́ta, Borough of Manhattan, Kingsborough àti LaGuardia, gbogbo wọn ọmọ ilé tí owó kò pọ̀, tí wọ́n sì nílò àtúnkọ́ nínú ìṣirò tàbí ìwé kíkà. Gègé ni wọ́n ṣẹ́ láti mọ ẹni tí yóò wọ ASAP àti ẹni tí yóò máa bá ètò àtijọ́ lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, 22 nínú 100 ló gba ìwé-ẹ̀rí nínú ètò àtijọ́. Nínú ASAP, 40 ni.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn wà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà ni, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan náà ni, iṣẹ́ tí wọ́n ní láti ṣe kí ìwé-ẹ̀rí tó jáde kò dín. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ gègé ló pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé àwọn olórí pípé ni wọ́n ṣà sí apá kan. Bí a ṣe ṣètò ilé náà yí wọn ká nìkan ló yí padà: ta ló ń dáhùn nígbà tí wọ́n bá béèrè, ta ló san owó kékeré tí ì bá lé wọn sílé, ta ló rí i nígbà tí wọn kò wá. Bí ìyẹn bá lè fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ iye àwọn tó ń jáde di ìlọ́po méjì, a jẹ́ pé ìmọ̀ wà níbẹ̀, ìmọ̀ tí ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísírì lè fi gbogbo ayé rẹ̀ wà nínú yàrá ìwádìí kó má bá a pàdé.

Àwọn tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ á ní owó ni wọ́n fi ṣe é, pé bí a bá da owó sí ohunkóhun, á dára. Òótọ́ ni pé ASAP gba owó: nǹkan bí $16,300 lórí akẹ́kọ̀ọ́ kan fún ọdún mẹ́ta, lé orí iye tí wọ́n ń ná tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí náà pín gbogbo owó tí wọ́n ná sí iye àwọn tó gba ìwé-ẹ̀rí, owó orí ẹni kọ̀ọ̀kan tó jáde wálẹ̀ ju ti ètò àtijọ́ lọ. Láti mọ̀ pé iye ẹni tó jáde ló yẹ ká fi pín owó, pé kì í ṣe iye ẹni tó wọlé, ìyẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ tí à ń sọ. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́ta ní Ohio sì gbé ètò náà lọ sọ́dọ̀ ara wọn, èso tó jọ ọ́ ni wọ́n ká. Ohun tó ṣeé gbé kúrò nílùú kan lọ sí ìlú mìíràn kì í ṣe oríire.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn orúkọ ńlá. Albert Bowker tó darí CUNY láti 1963 sí 1971, onímọ̀ ìṣirò ìṣẹ̀lẹ̀ (statistics) ni. Matthew Goldstein tó darí rẹ̀ láti 1999 sí 2013, iṣẹ́ kan náà ló kọ́. Kò sẹ́ni tó lè pe àwọn méjèèjì ní ọ̀gá yẹpẹrẹ. Àwọn àgbà á sì fi kún un pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà: ìrírí ló ń sọni di alákòóso. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìrírí ná wa. Ní 1969, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú àti ti Puerto Rico gba apá kan City College, wọ́n ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn èèyàn wọn. Ètò ìgbaniwọlé fún gbogbo ẹni tó bá parí ilé-ìwé girama, tí wọ́n ti fi sí 1975, ni wọ́n fà wá sí 1970, àwọn tó wọlé lọ́dún náà sì fò láti nǹkan bí 20,000 sí nǹkan bí 35,000. Ìpinnu tó tọ́ ni, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Àmọ́ bí a ṣe ń ṣílẹ̀kùn ni àwọn alákòóso mọ̀. Bí a ṣe ń sin ẹni tó wọlé títí yóò fi gba ìwé-ẹ̀rí jáde, ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, bí onígbàjámọ̀ tó ń fi orí ẹlòmíràn kọ́ṣẹ́. Láti 1970 dé 2007 jẹ́ ọdún 37. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, àbí kí ni ìwúlò àkísà àgbà bí kò bá sí ẹni tó jókòó tú u wò, tó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ má baà tún ya tirẹ̀ níbi kan náà?

Mo mọ èyí tó kù. Kì í ṣe àwọn ọlọ́yè ọ̀mọ̀wé ìṣàkóso nìkan ló ṣe ASAP, àwọn ilé-ìwé kan sì wà tó ń ta oyè náà lówó gọbọi fún àwa tí a fẹ́ràn kí a máa fi oyè kíni ju oúnjẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹni tó bá fẹ́ yáwó ilé-ìwé torí orúkọ Dókítà nìkan, kó tọ́jú owó rẹ̀. Àmọ́ ayédèrú oògùn tó wà lọ́jà kò sọ pé ìṣègùn kì í ṣe ìmọ̀. Ẹni tó ń tà á ló yẹ ká mú.

Àwa Yorùbá gan-an ló sì yẹ kó kẹ́yìn nínú yẹ̀yẹ́ yìí. Ní 1955, New York University ní Manhattan fún ọmọ Èkó kan, Aliu Babatunde Fafunwa, ní oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́. Ìtàn bí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ló ṣèwádìí lé lórí. Nígbà náà, àwọn tó ti London dé ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ìwé-ẹ̀rí Amẹ́ríkà, ká má tíì wá sọ irú èyí tí kì í ṣe òfin tí kì í ṣe ìṣègùn. Ní 1970, nígbà tó wà ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, Ford Foundation ti New York sì fowó sí i. Àwọn tó gbà pé àwọn mọ ẹ̀kọ́ sọ pé ọmọ tí a bá fi Yorùbá kọ́ yóò di òpè nínú Gẹ̀ẹ́sì. Fafunwa kò bá wọn jà. Ó fi Yorùbá kọ́ apá kan títí dé kíláàsì kẹfà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù. Ó fi apá kejì sílẹ̀ bí ìjọba ṣe là á kalẹ̀, kí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin. Ó gbé àwọn méjèèjì síra, ó sì ka èsì wọn, bí MDRC ṣe ṣe nígbà tó yá ní LaGuardia. Àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kàwé kò rẹ̀yìn nínú iṣẹ́ kankan. Kódà, Gẹ̀ẹ́sì wọn dán mọ́rán.