Aṣọ Ẹgbẹ́ Kọ́ Ni Ọdún Lísàbi

Àwọn kan ń wí pé ìlù àti aṣọ ẹgbẹ́ ni adùn Ọdún Lísàbi. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Kí ni í mú omi bọ́ lójú àgbà Ẹ̀gbá? Ìrántí ni: pé Lísàbi fi Ẹgbẹ́ Àáró, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tí ń bá ara wọn roko, gba àwọn baba wa lọ́wọ́ àwọn Ìlàrí Ọ̀yọ́, pé ní 1830 wọ́n sá di abẹ́ Òkè Olúmọ, pé ní 1851 wọ́n lé ogun Dàhòmì padà lẹ́yìn odi. Ọmọ tí a kò bá pa ìtàn yìí fún, ijó lásán ni yóò jó. Baba Júù kì í jẹ Àjọ Ìrékọjá láìsọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ. Ẹ̀yin olóyè wa, kí ìlù tó dún, ẹ jẹ́ kí a pìtàn ná!