Ẹ Má Ṣe Gba Yorùbá Lẹ́nu Ọmọ Tí Ó Ní Ọ́tísíìmù

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n ní ọ́tísíìmù ni mo mú wá lónìí, pẹ̀lú ìmọ̀ràn kan tí àwọn kan ń fún òbí wọn: pé kí wọ́n má ṣe sọ Yorùbá sí ọmọ náà mọ́, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n máa sọ. Lójú tèmi, ìmọ̀ràn náà kò dára, ó sì ń pa ọmọ lára. Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé.

Kí ni ọ́tísíìmù? Ọ̀nà tí ọpọlọ ọmọ ń gbà dàgbà ni. Ó lè mú kí ọ̀rọ̀ sísọ àti ìbáṣepọ̀ ṣòro fún un, kí ó máa ṣe ohun kan náà ní àṣetúnṣe, kí ariwo tàbí ìmọ́lẹ̀ máa ni ín lára ju bí ó ti ń ni ẹlòmíràn lára. Gbogbo ìka kò dọ́gba: òmíràn kò sọ̀rọ̀ rárá, òmíràn ń sọ̀rọ̀ láìsinmi. Grunya Sukhareva, dókítà ní Moscow, kọ nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní 1925. Leo Kanner náà kọ nípa ọmọ mọ́kànlá ní Amẹ́ríkà ní 1943. Ẹni tí ó bá rò pé ti òyìnbó nìkan ni, kí ó mọ̀ pé Victor Lotter wá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kiri ní ìlú mẹ́sàn-án ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Áfíríkà, ó rí wọn, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1978.

Òyìnbó pàápàá ti ṣi ẹ̀sùn kà. Bruno Bettelheim kọ̀wé ní 1967, ó di ẹ̀bi ru ìyá ọmọ, pé kò fẹ́ràn ọmọ tó. Andrew Wakefield ní tirẹ̀ so ó mọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ní 1998. Ìwé ìròyìn The Lancet tí ó gbé e jáde fagi lé e ní 2010. Irọ́ ni méjèèjì. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọmọ tí ó ń dá ṣeré, tí ó ń dá rẹ́rìn-ín, a máa ń pè é ní emèrè, a ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ọ̀run ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Èyí tí kò sọ̀rọ̀, a ní dìndìnrìn ni. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Orúkọ tí a bá sọ ọmọ ni ó ń pinnu ibi tí a óò gbé e lọ.

Ọ̀pọ̀ ni ó ń gbé e lọ sí ọjà. A mọ Jankara ní Ìsàlẹ̀ Èkó mọ àdìrẹ, a sì mọ̀ ọ́n mọ ewé àti egbò. N kò bá àwọn elégbòogi jà. Ṣùgbọ́n kò sí àgbo, kò sì sí hóró oògùn láti ilé ìwòsàn, tí ó ń wo ọ́tísíìmù sàn. Ohun tí ó ń ran ọmọ lọ́wọ́ ni kí a tètè mọ̀, kí a sì tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ bí yóò ṣe máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀.

Báwo ni a ó ṣe tètè mọ̀? Àwọn ìwé ilẹ̀ òkèèrè ní kí a wò bóyá ọmọ ń wo ojú ẹni. Ní ilẹ̀ wa, ọmọ tí ó ti gbọ́n díẹ̀ tí ó bá ń tẹjú mọ́ àgbà, ìbáwí ni yóò gbà. Ẹ jẹ́ kí a fi àwọn àmì mìíràn kún un. Bí ọmọ bá ti pé ọdún kan, ṣé ó ń yíjú bí a bá pe orúkọ rẹ̀ tàbí oríkì rẹ̀? Ṣé ó ń nawọ́ sí nǹkan kí ìyá rẹ̀ lè bá a wò ó? Ṣé ọ̀rọ̀ tí ó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ kò pòórá? Bí iyèméjì bá wà, kí a kọ́kọ́ yẹ etí rẹ̀ wò, kí a sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé.

Ní ìhín ni ọ̀rọ̀ èdè ti wọlé. Obìnrin kan tí ń ta àdìrẹ ní Jankara sọ fún mi pé, “Búọ̀dá, ilé-ìwé ọmọ mi ní Yorùbá ni ó ń dí i lọ́nà. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí a máa sọ sí i. Èmi wá dákẹ́ ni, torí Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ kò ju ti ọjà lọ. Màmá mi ò tilẹ̀ gbọ́ rárá.”

Ẹ wo ohun tí ìmọ̀ràn náà ṣe. Ọmọ tí ó nílò ọ̀rọ̀ jù lọ ni a pa gbogbo ilé lẹ́nu mọ́ fún. Nínú agboolé Ìsàlẹ̀ Èkó, Yorùbá ni ìyá àgbà fi ń ki ọmọ, òun ni àwọn ẹ̀gbọ́n fi ń ṣeré, òun ni a fi ń pín oúnjẹ. Bí a bá mú un kúrò, kí ni ó kù fún ọmọ láti gbọ́? Ìwádìí kò sì gbè wọ́n lẹ́yìn. Hambly àti Fombonne fi àwọn ọmọ ọlọ́tísíìmù tí ń gbọ́ èdè méjì wé àwọn tí ń gbọ́ ẹyọ kan ní Kánádà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2012: èdè àwọn tí ń gbọ́ méjì kò fà sẹ́yìn ju ti àwọn yòókù lọ.

Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa ni ó sì lè gbọ́ ohun tí ọmọ náà ń sọ. Ìyá bèèrè pé, “Ṣé o fẹ́ mu omi?” Ọmọ náà dáhùn pé, “Ṣé o fẹ́ mu omi?” Àwọn ará ilé ní ó ń sín ìyá rẹ̀ jẹ. Rárá o. Ohun tí ó ń wí lè jẹ́ “Mo fẹ́ mu omi.” Ó gbé gbólóhùn náà lódidi, “o” kò sì tíì di “mo” lẹ́nu rẹ̀. Kanner ti ṣàkíyèsí irú èyí ní 1943. Prizant àti Duchan sì fi hàn ní 1981 pé irú àsọtúnsọ bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe: òmíràn jẹ́ ẹ̀bẹ̀, òmíràn jẹ́ “bẹ́ẹ̀ ni”. Kí ìyá fún un ní omi, kí ó sì bá a wí i pé, “Mo fẹ́ mu omi.” Ẹ̀kọ́ èdè nìyẹn, kò gba owó.

Àwọn kan yóò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ilé-ìwé, pàápàá láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà 2022 lórí èdè abínibí ní 2025. Òótọ́ ni. Kí ọmọ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe ti ọ̀nà ti ilé pa.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè, iṣẹ́ wà níbí. Ẹ ya àwòrán omi, oúnjẹ, oorun àti ìrora, kí ẹ kọ Yorùbá sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ lè fi ìka tọ́ka sí ohun tí ó ń fẹ́. Ẹ kó o fún ìyá kan ní àdúgbò yín. Yóò wúlò ju ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ tí a ń kọ fún oyè lọ.

Ó di ìgbà mìíràn. Ire o.