Ẹ̀yin àgbà, ẹ má pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì torí pé ara yá

Kò wọ́pọ̀ kí èèyàn rìn yíká àdúgbò kan nílẹ̀ Yorùbá kó má rí àgbàlagbà tí apá àti ẹsẹ̀ kan ti rọ, tí ẹnu ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n ń fọwọ́ mú un rìn. Bí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, ohun tí àwọn ará ilé kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé ayé ló ṣe é. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Àbúrò á máa fura sí ẹ̀gbọ́n, orogún á máa fura sí orogún, nígbà mìíràn sì rèé, ìyá arúgbó kan tó jókòó jẹ́ẹ́ ni wọn yóò pè ní àjẹ́. Bí wọ́n bá yẹ abẹ́ ìrọ̀rí aláìsàn náà wò, ó ṣeé ṣe kí wọ́n bá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti pa tì láti bí oṣù mẹ́ta níbẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti jẹ́ ká mọ̀ tipẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni olórí ohun tó ń fa àrùn rọpárọsẹ̀. Ó tún máa ń ba ọkàn, kíndìnrín àti ojú jẹ́. Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde lọ́dún 2023, wọ́n ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.3 èèyàn láàárín ẹni ọdún 30 sí 79 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru lágbàáyé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí kò mọ̀ rárá, mẹ́rin nínú márùn-ún ni kò sì rí ìtọ́jú tó péye gbà.

Ohun tó mú kí àìsàn yìí burú ni pé kì í dun èèyàn. Ẹni tí eyín ń dùn kò ní í sùn títí yóò fi rí oníṣègùn, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ lè máa ru fún ọdún mẹ́wàá kí orí má fọ́ olúwarẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà bá ti lo oògùn fún oṣù kan tàbí méjì, tí nọ́ọ̀sì sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀, wọ́n á ní ara àwọn ti yá. Ẹ jẹ́ ká rántí pé oògùn náà ló mú un wálẹ̀. Pé ewúrẹ́ tí a so mọ́lẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ kò ní ká lọ tú okùn rẹ̀.

Àwọn ìdí mìíràn tún wà. Àwọn kan kì í lo oògùn tó ń lé omi lára lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ òde, nítorí wọn kò fẹ́ máa wá ibi tí wọ́n á ti tọ̀. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà nípa àkókò tó dára jù láti lò ó. Àwọn mìíràn gbà pé àgbo ti tó, tàbí pé oògùn òyìnbó yóò ba kíndìnrín àwọn jẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú gan-an ló ń bà á jẹ́. Ó sì ṣe ni láàánú pé oògùn ara ríro bíi ibuprofen àti diclofenac, tí wọ́n ń tà káàkiri inú ọkọ̀ àti ọjà, lè mú kí ẹ̀jẹ̀ túbọ̀ ru. Kí àgbàlagbà má ṣe lò ó lemọ́lemọ́ láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, ẹ kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí ẹ sì gbé apá lé tábìlì. Ẹ má jẹ obì, ẹ má mu kọfí tàbí sìgá ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Bí nọ́ńbà òkè bá tó 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ tó 90, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lọ rí dókítà. Ní ti iyọ̀, WHO ní kó má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn ni pé kó má kún ṣíbí ìpotíì kan, kí ẹ sì ka ti inú mágí, búrẹ́dì àti ẹja oníyọ̀ mọ́ ọn. Bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, ọsibítù ni kí ẹ sáré gbé ẹni náà lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu.

A kò gbàgbé ọ̀rọ̀ owó. Láti ọdún 2023 ni oògùn ti wọ́n gógó, débi pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ń lò ó lónìí, wọn ò lò ó lọ́la, kó lè baà pẹ́ kó tó tán. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kan ẹ̀yin ọmọ. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹni tó lè yáwó ra màlúù síbi òkú bàbá rẹ̀ yóò rí owó oògùn bàbá náà nígbà tó ṣì wà láàyè, bó bá gbà pé ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù.

Ó kan ìjọba náà. Lọ́dún 2012 ni wọ́n ṣí ibùdó ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ní UCH, n'Ìbàdàn, ohun tó dára gan-an ni. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó wà lábúlé kò lè máa wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn torí oògùn oṣooṣù. Ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà nítòsí rẹ̀ ló yẹ kó ní ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ àti oògùn tí kò wọ́n. Òfin ìlera adójútòfò tí wọ́n buwọ́ lù lọ́dún 2022 ka àwọn àgbàlagbà mọ́ àwọn tó yẹ kí ìjọba ràn lọ́wọ́. A ń rọ àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá kí wọ́n jẹ́ kí òfin yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó tí kò ní ọmọ tó ń fowó ránṣẹ́.

Ní tiyín, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ lo oògùn yín lónìí bí ara tiẹ̀ le. Bó bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ sọ fún dókítà kó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má dá a dúró fúnra yín.