Ta Ló Ní Inú Jíìpù Ni Iyì Wà?

Ẹ̀tàn gbáà ni ìgbàgbọ́ tó gbilẹ̀ láàárín wa pé bí ọkọ̀ bá ṣe tóbi tó ni iyì ẹni tó ń wà á ṣe ń pọ̀ tó. Bí ọ̀pọ̀ nínú wa bá dé òkè òkun tí a fẹ́ háyà ọkọ̀, jíìpù la kọ́kọ́ ń bèèrè, bí ẹni pé àwọn ará ilé ń yọjú wò wá lójú fèrèsé. Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀nà àríwá Scotland ló là mí lójú.

Ìlú Inverness ni mo ti háyà Vauxhall Corsa kékeré kan, nítorí ohun tí àpò mi gbà nìyẹn. Mo gba ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní North Coast 500, tó gùn ní nǹkan bíi 830 kìlómítà, tó yí etíkun àríwá po kí ó tó padà sí Inverness. Ní agbègbè Sutherland, ọ̀nà dá páropáro. Àgùntàn ni mo ń rí ju ènìyàn lọ. Òkè wà lápá kan, òkun wà lápá kejì, ẹ́ńjìnnì kékeré náà ń kùn bí oyin. Mo déédéé rí i pé orin ni mò ń kọ.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀nà olówó ńlá ni. Ní ibi púpọ̀, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló gbà. Wọ́n kàn fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà níbi kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ri àmì mọ́ ọn. Bí àyè náà bá wà ní òsì rẹ, kí o yà sínú rẹ̀. Bí ó bá wà ní ọ̀tún rẹ, kí o dúró ní ọ̀kánkán rẹ̀ kí ẹnìkejì lè yà. Òfin náà kò bèèrè bóyá mínísítà ni ọ́ tàbí darandaran. Jíìpù yà fún mi, èmi náà yà fún jíìpù, a juwọ́ síra wa, ó parí.

Ẹnìkan lè sọ pé ènìyàn kò pọ̀ níbẹ̀ ni ọ̀nà wọn fi dá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nílé wa, bí ọ̀nà bá dá, ṣé inú ẹnikẹ́ni máa ń dùn? Ẹ̀rù ló ń bà wá. A ó máa wo igbó, a ó máa wo ẹ̀yìn. Ayọ̀ tí mo rí kò ti inú ọkọ̀ wá, kò sì ti inú òfìfo ọ̀nà wá. Ó wá láti inú ìdánilójú pé kòtò kò lúgọ níwájú, ajínigbé kò sì lúgọ sínú igbó.

Jíìpù tí a ń fi yangàn nílé kì í ṣe iyì. Owó ìtanràn tí a ń san fún ọ̀nà burúkú ni. Àwọn tí owó ọ̀nà wà níkàáwọ́ wọn jókòó sínú rẹ̀, wọn kò mọ kòtò lára, fèrè wọn sì ń lé mẹ̀kúnnù wọ inú koríko. Ẹni tó gun ẹṣin kò mọ̀ pé ilẹ̀ gbóná.

Kí gómìnà àti kọmíṣánnà kọ̀ọ̀kan fi ọkọ̀ kékeré rin ọ̀nà ìpínlẹ̀ rẹ̀ fún ọdún kan péré, láìsí fèrè, láìsí ọ̀wọ́ ọkọ̀ lẹ́yìn. Ọjọ́ tí olùkọ́ kan bá lè dá wa ọkọ̀ kékeré rẹ̀ láti Ìṣẹ́yìn dé Ṣakí lórí ọ̀nà tó dá, tó ń kọrin, ọjọ́ náà ni a tó lè sọ pé a ní ìjọba.