A KÌ Í FÁ ORÍ LẸ́YÌN OLÓRÍ

Àwa kò lòdì sí ọkọ̀ ojú irin. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi irú irọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ wa lọ́rùn. Ẹni tí ó bá ti rí kòkó tí ó ń bu nínú àpò nítorí pé ọkọ̀ akẹ́rù rì sínú ẹrẹ̀ kò lè bú ojú irin. Ohun tí àwa lòdì sí ni pé kí àwọn kan jókòó sí Àbújá, tàbí sí ọ́fíìsì gómìnà, kí wọ́n fa ìlà sórí ìwé, kí ìlà náà sì la oko ẹni já sí méjì, tàbí kí ó gbé abúlé ẹni kúrò lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan bọ́ sábẹ́ òmíràn, kí ẹni tí ó ni ibẹ̀ tó gbọ́ ohun kan. Yorùbá ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Láti ayé àwọn Òyìnbó amúnisìn títí di òní olónìí, orí wa ni wọ́n ń fá, ẹ̀yìn wa ni wọ́n sì ti ń fá a.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ mọ bí a ti ń pa ààlà nílẹ̀ wa. Àwọn méjì tí oko wọn bá ara wọn pàdé a dúró, àwọn àgbà ìdílé méjèèjì a dúró, a óò sì gbin pèrègún lójú gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá fi òru ṣí pèrègún náà nípò, olè ni, kò sí orúkọ mìíràn fún un. Òfin tí ó wà láàárín àgbẹ̀ méjì yìí ni àwa ń fẹ́ kí ìjọba bá wa pa mọ́.

Àwọn Òyìnbó kò pa á mọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ìjọba Faransé fọwọ́ sí ìwé kan ní Paris. Ìwé náà gbé Kétu fún Faransé, ó sì fi Ìmẹ̀kọ, tí í ṣe ọmọ Kétu gan-an, sílẹ̀ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Alákétu kò sí nídìí tábìlì náà, kò rán ẹnikẹ́ni lọ, kò sì sí ẹni tí ó bi í. Ọmọ ìyá kan náà wá di àjèjì sí ara wọn, tí wọ́n ń gba ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè kọjá kí wọ́n tó lè lọ sin òkú bàbá wọn.

Ní ti ojú irin, ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1893 ni àwọn ìjòyè Ìbàdàn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Èkó, tí wọ́n sì ṣèlérí nínú rẹ̀ pé bí gómìnà bá béèrè ilẹ̀ fún ojú irin, àwọn yóò fi í sílẹ̀. Ẹ rántí pé ọdún kan ṣáájú èyí ni ìbọn Òyìnbó ti ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú. Ta ni yóò wá rí ìyẹn tán tí yóò sì tún sọ pé rárá? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Èkó ní ọdún 1896, ojú irin dé Ìbàdàn, a ṣí i ní ọdún 1901, ó dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ó sì ń lọ sókè Ọya. Ibi tí ó yà sí àti ibi tí kò yà sí, àwọn Òyìnbó nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Ilé-Ifẹ̀ kò rí i, Iléṣà kò rí i, Àkúrẹ́ kò rí i. Síbẹ̀, ẹ ṣàkíyèsí ohun kan tí ó yẹ kí ojú ti àwọn alákòóso tiwa-n-tiwa: Òyìnbó tí ó ní ìbọn lọ́wọ́ ṣì rí i pé ó yẹ kí òun kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ìjòyè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àfipágbà.

Ojú irin titun tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn jẹ́ kìlómítà 157. Oṣù kẹta ọdún 2017 ni wọ́n dá iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, a sì ṣí i ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021. Wọ́n fi orúkọ àwọn ènìyàn wa ńláńlá sára àwọn ibùdókọ̀ rẹ̀: Wọlé Ṣóyinká ní Abẹ́òkúta, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọníyà. Ó dára, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ojú irin àtijọ́ gbé ènìyàn dé Dùgbẹ̀, láàárín ìlú. Ti òde òní sọ ènìyàn kalẹ̀ sí Mọníyà, ó ní kí ó tún wá owó mọ́tò tí yóò gbé e wọ Ìbàdàn. Ìyá aláta tí ó ru agbọ̀n lórí ì bá ti sọ fún wọn bí wọ́n bá bi í. Wọn a máa wí pé àwọn ṣe ìpàdé. Ìpàdé tí a pè nígbà tí ìlà ti wà lórí ìwé, tí àwọn agbaṣẹ́ṣe sì ti gbé katakata dé, kì í ṣe ìbéèrè, ìfitónilétí ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibùdókọ̀ ni ó dùn wá jù. Òfin ni. Ní oṣù kẹta ọdún 1978 ni ìjọba ológun gbé Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde, tí ó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ gómìnà. Nígbà tí ìjọba bá fẹ́ gba ilẹ̀ fún ojú irin, òfin yìí ní kí wọ́n san owó igi tí ó wà lórí ilẹ̀ àti owó ilé tí a kọ́ sí i. Owó ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Òfin ní iye owó orí ilẹ̀ tí ẹni tí ó ni ín san ní ọdún tí a gbà á ni kí a dá padà fún un. Àgbẹ̀ wo nínú yín ni ó ń san owó orí ilẹ̀ fún ìjọba lórí oko tí baba ńlá rẹ̀ ṣán? Nítorí náà, bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀ tán, òfo ni. Ilẹ̀ tí ó bọ́ ìran mẹ́rin, òfo!

Ẹ tún wo owó igi náà. Kòkó a máa gbà tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó so, a sì máa so fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìjọba ń san owó tirẹ̀, iye tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá sì kọ ni. Bí ojú irin bá la oko ènìyàn já, igi tí ó wà lójú ọ̀nà irin nìkan ni wọn ń kà. Wọn kì í ka ìrìn àjò tí ó di tirẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ, tí ó fi gbọ́dọ̀ rìn yí ká lọ sí ibi tí àyè ìkọjá wà kí ó tó dé apá kejì oko ara rẹ̀. Wọn kì í ka odò tí a dí, tí omi rẹ̀ wá ń ya bo ilẹ̀ ẹ̀gẹ́. Òfin náà tún sọ pé, níbi tí ilẹ̀ bá jẹ́ ti àjùmọ̀ní, gómìnà lè pàṣẹ kí a kó owó náà fún olóyè ìlú pé kí ó pín in bí àṣà bá ti wí. A kò sọ pé gbogbo olóyè ni ó ń jẹ owó ìlú. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba irú owó bẹ́ẹ̀ rí ni ẹ lè sọ iye tí ó dé ọwọ́ yín.

Bí ẹnìkan bá sì wí pé òun yóò lọ sí ilé-ẹjọ́ nítorí pé owó náà kéré, kí ó dúró kí ó gbọ́ èyí. Ìpín 47 òfin náà sọ pé ilé-ẹjọ́ kankan kò gbọ́dọ̀ wádìí bóyá owó náà tó tàbí kò tó. Ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tí gómìnà fúnra rẹ̀ yàn ni kí ó gbé ẹ̀sùn lọ. Ẹni tí ó gbà ọ́ nílẹ̀ ni ó tún yan onídàájọ́ rẹ. Àwọn ológun ti kúrò lórí oyè láti ọdún 1999, òfin wọn sì wà níbẹ̀ síbẹ̀, wọ́n tilẹ̀ so ó mọ́ ìwé òfin ilẹ̀ wa kí ó má baà ṣeé tètè yí padà.

Ọ̀rọ̀ ààlà kò yàtọ̀. Ẹ ṣí ìwé òfin ọdún 1999, ẹ wo ìpín 8. Bí a bá fẹ́ dá ìpínlẹ̀ titun sílẹ̀, tàbí ìjọba ìbílẹ̀ titun, òfin ní kí àwọn ará ibẹ̀ dìbò, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn sì gbà. Bí a bá wá fẹ́ yí ààlà padà ńkọ́, kí a gé ìlú yín kúrò lára èyí tí ẹ wà kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn? Kò sí ìbò. Ọwọ́ àwọn aṣòfin àti àwọn káńsílọ̀ ni ó parí sí. Òfin tí ó ní kí a bi yín nígbà tí a bá ń kọ́ ilé titun kò ní kí a bi yín nígbà tí a bá ń gbé yín kúrò nílé. Ibi tí ààlà bá sì gbà kọjá ni ó ń sọ ẹni tí yóò gba owó ọjà yín, ẹni tí yóò ṣe ọ̀nà yín, àti ilé-ìwé tí ọmọ yín yóò lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Láti ọdún 1967 tí ìpínlẹ̀ fi di 12, títí di ọdún 1996 tí ó fi di 36, àṣẹ ológun ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ìgbà kan tí a gbé àpótí ìbò síwájú ará ìlú. Ní ọdún 1997, ọ̀rọ̀ ibi tí olú ilé ìjọba ìbílẹ̀ titun yóò wà dá ogun sílẹ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, ó sì tún rú jáde ní ọdún 2000. Ní ọdún 1997 kan náà ni irú rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Wàrí láàárín Ìṣẹ́kírì àti Íjọ̀. A kò ní ta ni ó jàre. Ohun tí a ń sọ ni pé ìwé láti òkèèrè ni ó ju iná sáàárín àwọn tí ó ti ń gbé pọ̀ pẹ́, àwọn tí ó kọ ọ́ kò sì jóná níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni a bi ènìyàn ní orílẹ̀-èdè yìí kí a tó gé ilẹ̀ wọn sọ́tọ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 1963 ni àwọn ará Bìní àti Dẹ́ltà dìbò bóyá kí wọ́n kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn. Ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún gbogbo àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìdìbò ni òfin béèrè, kì í ṣe ti àwọn tí ó jáde wá nìkan, wọ́n sì gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí oṣù kẹjọ tó parí, ẹkùn wọn ti dúró. Àwa kò gọ̀ o. A mọ̀ pé àwọn tí ó wà lórí oyè ní Èkó nígbà náà ní ohun tí wọ́n ń lé. Ìgbà tí olórí ẹgbẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn wà lẹ́nu ẹjọ́ ni wọ́n ráyè, àpótí ìbò náà kò sì dé Àríwá, níbi tí àwọn kan ní Ìlọrin àti Kàbà ti ń bẹ̀bẹ̀ fún irú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n èrò búburú tí ó gbé àpótí wá kò sọ àpótí di búburú. A bi wọ́n, wọ́n dáhùn, ẹnikẹ́ni kò yọ àdá sí ẹnìkejì rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé bí a bá ń bi gbogbo abúlé, ojú irin kò ní dé ibì kankan láéláé. Irọ́ ni. Ohun tí ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn ni ẹjọ́, ìjà, àti àwọn tí ó dùbúlẹ̀ síwájú katakata nítorí pé wọn kò rí owó gbà. Ó ti wà nínú òfin láti ọdún 1992 pé kí a ṣe àyẹ̀wò ohun tí ojú irin titun yóò ṣe sí àyíká, kí a sì fún ará ìlú láyè láti sọ̀rọ̀ kí ìjọba tó pinnu. Ohun tí ó kù ni pé kí a ka ìwé náà létí àwọn àgbẹ̀ ní èdè tí wọ́n gbọ́, ní gbọ̀ngàn ìlú wọn, pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ lára ògiri, nígbà tí ìlà ṣì ṣeé yí.

Àkókò náà sì nìyí. Ní oṣù kẹta ọdún 2023 ni a tún ìwé òfin ilẹ̀ wa ṣe, tí àwọn ìpínlẹ̀ náà fi gba agbára láti ṣe òfin lórí ojú irin, èyí tí ó ti wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan tẹ́lẹ̀. Nítorí náà kí àwọn aṣòfin ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo, Àkúrẹ́, Adó-Èkìtì àti Ìkẹjà má ṣe tọ́ka sí Àbújá mọ́. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ìpínlẹ̀ pé a kò ní kan èèkàn kan mọ́lẹ̀ kí a tó bi àwọn ará ibẹ̀, àti pé a kò ní gbé abúlé kan kọjá ààlà ìjọba ìbílẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn ará abúlé náà dìbò sí i.

Ní tiyín, bí ẹ bá jí tí ẹ rí èèkàn àwọn awọnlẹ̀ nínú oko, ẹ má fà á tu. Ẹ ka igi yín lójú ẹlẹ́rìí, ẹ kọ iye wọn àti ọjọ́ sílẹ̀. Ẹ béèrè ìwé ìgbàlẹ̀ tí òfin ní kí a fi lé onílẹ̀ lọ́wọ́, nítorí ilé-ẹjọ́ ṣì lágbára láti wádìí bóyá ìwé náà dé ọwọ́ yín. Lẹ́yìn náà ẹ pe aṣòfin yín sí ìpàdé ìlú, kí ẹ bi í lójú gbogbo ènìyàn bóyá yóò fọwọ́ sí irú òfin tí a wí yìí tàbí kò ní fọwọ́ sí i. Kí akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ yín kọ ìdáhùn rẹ̀ bí ó ti sọ ọ́ gan-an, kí ó fi í ránṣẹ́ sí wa. A óò tẹ̀ ẹ́ síbí yìí pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ kí ìdìbò tó dé.