Ọ́tísíìmù: Ọdún Tí Ó Ń Ṣòfò Kí Ìrànlọ́wọ́ Tó Dé

Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ ní ọdún 2007 láti máa la aráyé lóye nípa ọ́tísíìmù, ìyẹn ipò ìdàgbàsókè ọpọlọ tí ó ń mú kí ọmọ máa sọ̀rọ̀, kí ó sì máa bá ẹlòmíràn ṣe pọ̀, ní ọ̀nà tí ó yàtọ̀. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, a kò ní láti rìn jìnnà kí á tó rí ìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí Ìbàdàn ni àwọn onímọ̀ tiwa ti ṣe ìwádìí lé e lórí.

Ní ọdún 2014, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìkéolúwa Lágúnjú ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbọ̀ ìwádìí wọn jáde. Nínú aláìsàn 2,320 tí wọ́n yẹ̀ wò, 54 ni wọ́n rí ọ́tísíìmù lára wọn: ọkùnrin 40, obìnrin 14. Iye yìí kò sọ bí ọmọ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ tó ní ìgboro, nítorí àwọn tí òbí gbé dé ilé ìwòsàn nìkan ni a kà. Ohun tí ó yẹ kí ó ká wa lára jù ni ọjọ́ orí wọn: ní ìpíndọ́gba, ọmọ ti ń sún mọ́ ọdún mẹ́rin kí dókítà tó sọ ohun tí ó ń ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ ni òbí ti máa ń fura ṣáájú. Ojú mẹ́wàá kò jọ ojú ẹni. Ìyá rí i pé a pe ọmọ lórúkọ, kò wẹ̀yìn. Kì í na ìka sí ohun tí ó fẹ́. Ariwo kékeré mú un fi ọwọ́ di etí. Ṣùgbọ́n ará ilé a ní ọmọkùnrin kì í tètè sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn a pe ọmọ ní emèrè, tàbí kí wọ́n di ẹ̀bi ru ìyá rẹ̀. Ìwádìí Dókítà Muideen Bakare àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2009 tilẹ̀ fi hàn pé àwọn kan nínú òṣìṣẹ́ ìlera ní Nàìjíríà gbà pé ọwọ́ ayé tàbí ẹ̀mí àìrí wà nínú rẹ̀. Ìwà ìyá kì í fa ọ́tísíìmù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í fà á.

Ìdádúró yìí kì í ṣe ohun kékeré, nítorí àwọn ọdún àkọ́kọ́ ni ọpọlọ ọmọ ń tètè gba ẹ̀kọ́ jù. Ìrànlọ́wọ́ kò sì ní láti dúró de dókítà àgbà nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ètò kan fún àwọn òbí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́sàn-án: ìpàdé mẹ́sàn-án àti àbẹ̀wò mẹ́ta sí ilé, tí ẹni tí kì í ṣe dókítà lè darí bí a bá ti kọ́ ọ. Níbẹ̀ ni òbí ti ń kọ́ bí a ti ń fi eré àti iṣẹ́ ilé ojoojúmọ́ kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, àti bí òun fúnra rẹ̀ yóò ṣe máa sinmi.

Lẹ́yìn ilé, ó kan ilé ẹ̀kọ́. Òfin àpapọ̀ tí a bu ọwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2019 ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn abarapá léèwọ̀. Ó pàṣẹ pé kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba gbà wọ́n wọlé, kí olúkúlùkù sì ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tí a kọ́ láti bójú tó ẹ̀kọ́ wọn. Gbígba ọmọ wọlé nìkan kò tó. Bí olùkọ́ kan ṣoṣo bá ń kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ nínú ariwo, ọmọ ọlọ́tísíìmù lè wà ní kíláàsì kí ó má sì kọ́ ohunkóhun.

Ìpínlẹ̀ wa ní ohun èlò fún iṣẹ́ yìí. Láti ọdún 1977 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ àkànṣe ti ìjọba àpapọ̀ ti wà ní ìlú Ọ̀yọ́, tí ó ń kọ́ àwọn olùkọ́. Ohun tí ó kù ni kí ìmọ̀ yìí dé Ṣakí, Ìgbòho àti àwọn abúlé wa.

A ń rọ òbí tí ó bá ń fura pé kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tí ó sún mọ́ ọn. A ń rọ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé kí ó má ṣe lé ọmọ padà. Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó.